Ẹyọ Mẹ́fà: Àrokò, Àmì Tí Kò Sí Ẹni Tí Ó Lè Kà Á, àti Nọ́ńbà Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé ìbéèrè ìdánwò èdè Yorùbá lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Bẹẹrẹ, ní ẹsẹ̀ òkè Mapo, pé kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ọwọ́ àwọn akọ̀wé ayé taipuráítà lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tí ó lè gbà fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí i lórí ẹ̀rọ náà, àwa náà kò sì dúró yẹ ìwé wò kí a tó gbà á, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí ìwé dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n kà ní ìbéèrè kẹrin ni: “So ohun ti o mo nipa aroko.” Àrokò ni a ní lọ́kàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kíláàsì tí ó kọ nípa àròkọ: àròkọ asọ̀tàn, àròkọ aṣàpèjúwe, àròkọ onílẹ́tà. Àwọn ìyókù kọ nípa àrokò. Kò sí èyí tí a lè sọ pé ó ṣi ìbéèrè kà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ó tún mú wa ronú sí ohun kan tí ó jù ìwé ìdánwò lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí rí àmì, wọ́n sì gbọ́ èdè. Nítorí pé wọ́n gbọ́ èdè ni wọ́n ṣe lè rí ìtumọ̀ méjì nínú àmì kan. Bí ó bá jẹ́ pé àmì nìkan ni ó kù ńkọ́, tí ẹni tí ó gbọ́ èdè kò sí mọ́? Irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé. Àwọn onímọ̀ ti ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láìtíì mọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn ń sọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi àrokò wa ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ náà, kí a lè mọ ohun tí nọ́ńbà lè pa mọ́ àti ohun tí kò lè pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà'ba. Ọjà Ìba ni orúkọ náà ní kíkún, nítorí Ìba Olúyọ̀lé tí ó jẹ́ olórí Ìbàdàn nígbà kan ní ọ̀rúndún 19. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Bí owó bá wà nílẹ̀ láìsín, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fà á sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kó o jọ ní ogún ogún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra iṣu tàbí aṣọ yóò jókòó ka owó pẹ́, ẹni tí ó tà á yóò sì tún un kà. Tọmọdé tàgbà ni ó ń gbọ́ ení, èjì, ẹ̀ta láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní àrokò, nítorí pé inú ìró òǹkà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àrokò ẹlẹ́yọ ti jáde.

Àwọn òyìnbó ajíhìnrere ni ó kọ́kọ́ tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ní ọdún 1885, Charles Gollmer, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àrokò nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1887, G. W. Bloxam tẹ òmíràn jáde nínú ìwé kan náà, nípa àrokò tí a kó lọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láti ibẹ̀ ni ẹyọ mẹ́fà ti wọ inú ìwé àwọn tí ń kọ ìtàn ìkọ̀wé káàkiri ayé, tí àwọn tí kò rí Ìjẹ̀bú rí ń fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Kí ni ẹyọ mẹ́fà ń sọ? Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń sọ fún ẹni tí ó rán an sí pé ọkàn òun fà sí i, tàbí pé òun fẹ́ fà á mọ́ra. Ẹ̀fà ni iye rẹ̀. Fà ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kíyè sí ohùn: ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí sílébù tí ó kẹ́yìn nínú ẹ̀fà, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni ó sì wà lórí fà. Kì í ṣe fá, bí ẹni fá irun. Bákan náà ni ẹyọ mẹ́jọ: ẹ̀jọ ni iye rẹ̀, jọ ni ọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀rọ̀ wa jọ, pé a jọ wà ní ìṣọ̀kan. Ohùn àárín ni méjèèjì. Àwọn tí ó dá àrokò yìí sílẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan, síbẹ̀ wọn kò fi ohùn ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a gbé irú èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú mìíràn. Ìtàn kan ti wà nínú ìwé láti ọ̀rúndún 19 nípa ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Dàhòmì, tí ó fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo tí ó gbẹ àti àkísà ránṣẹ́ sílé. Ara òun le bí òkúta; ọ̀la òun ṣókùnkùn bí èédú; ọkàn òun ń gbóná bí ata; ìyà ti gbẹ òun bí àgbàdo; aṣọ ọrùn òun ti di àkísà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, bí ó bá fi ara balẹ̀, lè fi òye gbé díẹ̀ nínú èyí, nítorí pé ìjọra ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Èédú dúdú ní gbogbo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà wo ẹyọ mẹ́fà títí di ọ̀la, kò ní rí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Nínú èdè Hausa tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà kò bá fífà jọ ní ìró. Èdè Yorùbá nìkan ni ó so wọ́n pọ̀.

Ọgbọ́n yìí náà ni ó mú àwọn ará Sumer àtijọ́ dé ibi ìkọ̀wé gidi. Ti ni wọ́n ń pe ọfà ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìyè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Nítorí náà wọ́n ya ọfà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìyè. A kò sọ èyí nítorí àtisọ pé àrokò jẹ́ ìkọ̀wé ní kíkún. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwa kò bá wọn lọ. Àrokò kò lè kọ orúkọ àlejò tí ó dé lánàá, kò sì lè kọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹyọ mẹ́fà ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀nà náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn àmì tí èdè wọn ti kú. Ní ọdún 1908, wọ́n hú àwo alámọ̀ róbótó kan jáde ní Phaistos, ní erékùṣù Crete ti ilẹ̀ Gíríìkì. Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ tẹ àmì sí ojú rẹ̀ méjèèjì: orí ènìyàn, ẹja, ẹyẹ, òdòdó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi àmì 45 ni ó wà lórí rẹ̀. Títí di òní kò sí ẹni tí ó kà á tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà fún un. Síbẹ̀, ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ Unicode, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fún gbogbo àmì ìkọ̀wé ayé ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo kọ̀ǹpútà yóò mọ̀, fún àwọn àmì orí àwo yìí ní nọ́ńbà tiwọn. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣe bákan náà fún ìkọ̀wé Crete mìíràn tí wọ́n ń pè ní Linear A, àmì 341. Èdè tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni àǹfààní irú lààlàá bẹ́ẹ̀. Àǹfààní wà níbẹ̀. Linear B, àbúrò Linear A, wà nínú òkùnkùn kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Alice Kober, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àmì rẹ̀ sórí pélébé ìwé. Ó ń wo àmì tí ó máa ń tẹ̀ lé àmì wo, àti èyí tí ó máa ń yí padà ní ìparí ọ̀rọ̀, láìgbìyànjú láti pe èyíkéyìí. Ó kú ní ọdún 1950. Emmett Bennett to àwọn àmì náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi nọ́ńbà sí wọn. Ní ọdún 1952 Michael Ventris kà á, ó sì rí i pé èdè Gíríìkì àtijọ́ ni. Kíkà àti fífún ní nọ́ńbà ni ó ṣáájú. Ìtumọ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbójú fo ìdajì kejì: èdè Gíríìkì ṣì wà láyé tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ní ti Champollion náà, tí ó ka àmì Íjíbítì ní ọdún 1822, èdè Coptic tí àwọn onígbàgbọ́ Íjíbítì ń lò nínú ìsìn ni ó ràn án lọ́wọ́. Linear A ní nọ́ńbà pípé, ọ̀pọ̀ nínú àmì rẹ̀ sì bá ti Linear B mu, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ lè fi ẹnu pè wọ́n. Wọ́n ń pè é, kò sì yé wọn, nítorí pé wọn kò mọ èdè tí ó ni ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ kíkà àmì pàápàá kò rọrùn bí a ti rò. Àmì àfonífojì odò Indus, ní Pakistan àti Íńdíà, ti lé ní ẹgbàajì ọdún. Iravatham Mahadevan fi kọ̀ǹpútà to gbogbo èyí tí ó rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1977: àmì 417. Asko Parpola ti ilẹ̀ Finland ka tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1994: àmì 386. Ọ̀mọ̀wé ni àwọn méjèèjì, àmì kan náà ni wọ́n sì ń wò. Ibi tí ọ̀kan ti rí àmì méjì ni èkejì ti rí àmì kan tí ọwọ́ akọ̀wé yí padà díẹ̀.

Kí èyí má baà jọ wá lójú bí ẹ̀bi wọn, ẹ jẹ́ kí a fi álífábẹ́ẹ̀tì tiwa dán àlejò kan wò. Kí a ní kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un. Ìwé àtijọ́ kan ni ó rí, lẹ́tà kékeré nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni a ní. Yóò ka 24, nítorí kò ní mọ̀ láé pé gb jẹ́ lẹ́tà kan. G àti b ni yóò máa rí. Bí ìwé náà bá wá ti ọwọ́ atẹ̀wé méjì jáde, tí ọ̀kan fi àmì róbótó sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, tí èkejì sì fi ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán sí i, yóò ka 27. Olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ṣe é lójoojúmọ́: nọ́ńbà àmì róbótó yàtọ̀ sí nọ́ńbà ìlà kékeré. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ó wá fi èkejì wá a, kọ̀ǹpútà lè sọ fún un pé kò sí níbẹ̀.

Ìtàn lẹ́tà wa nínú nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀ yẹ kí a mọ̀. Àkọtọ́ wa ti pẹ́ lórí tábìlì ìgbìmọ̀, láti ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 títí dé èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1993, ẹ, ọ àti ṣ wà nínú àwọn tí Unicode fún ní nọ́ńbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Inú wa dùn sí i, àfi ìgbà tí a rí i pé èdè Vietnam náà ń fi àmì róbótó sí abẹ́ ẹ àti ọ, àti pé nọ́ńbà kan náà ni a jọ ń lò. Lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, àmì abẹ́ yẹn gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í tún fi òmíràn sórí ẹ kan náà. Àwa ń fi sí i. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Méjì méjì ni a ń so pọ̀, lẹ́tà pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, bí ẹrù tí a gbé ka ẹrù. Bí ẹ̀rọ kan kò bá mọ ẹrù gbé, àmì orí a sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹ wò ó pé àmì àwo Phaistos tí kò sí ẹni tí ó lè kà á ní nọ́ńbà àdáni, ṣùgbọ́n ọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ọ̀yọ́ kò ní. A kò sọ pé ẹnìkan ni ó fi ìyà jẹ wá. Àwọn tí ó ṣètò náà ní ìdí tiwọn, sísopọ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe dáadáa. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn ti rí àyè gbà fún ìkọ̀wé tiwọn pátápátá: N'Ko tí Sulemaana Kante dá sílẹ̀ ní 1949 wọlé ní 2006, Vai ti ilẹ̀ Liberia ní 2008, Adlam ti àwọn Fúlàní ní 2016.

Ṣé a wá lè fún àrokò náà ní nọ́ńbà? A lè fún un. Iye ẹyọ, ojú tí ó kọ sí ara wọn tàbí ẹ̀yìn tí ó kọ sí ara wọn, àwọ̀ okùn, ìyẹ́ tí a so mọ́ ọn: gbogbo rẹ̀ ṣeé tò. Àwọn babaláwo ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, wọn a tẹ àmì méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, wọn a tẹ ẹyọ kan. Ìgbà mẹ́jọ ni wọn yóò tẹ̀ ẹ́, ọ̀nà 256 ni ó sì lè gbà jáde. Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà náà ń so òdo àti ení mẹ́jọ pọ̀, wọ́n sì ń rí 256 kan náà. Àwọn kan ti fi èyí yangàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé àmì orí ọpọ́n kì í ṣe ẹsẹ Ifá. Ó ń tọ́ka babaláwo sí ibi tí ẹsẹ wà ni, nínú orí rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ẹsẹ lè ya Ọ̀yẹ̀kú Méjì kí ó gún régé, kò ní rí nǹkan kan pè.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù nìyí ní ti ẹyọ mẹ́fà. Ìwé Gollmer àti ti Bloxam kò ní parun mọ́. A ti ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń parun ni òǹkà. Ẹ lọ sí Ọjà'ba lónìí, ẹ tẹ́tí sí àwọn tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún: “síìsì họ́ńdírẹ́ẹ̀dì” ni ẹ ó gbọ́. Ọmọ tí ó ń ka owó ní síìsì láti kékeré, tí a wá kọ́ ní kíláàsì pé “ẹyọ mẹ́fà: ìfẹ́”, ti há a sórí bí ẹni há nọ́ńbà fóònù sórí. Kò gbọ́ fà nínú rẹ̀. Níwájú ẹyọ mẹ́fà, ipò tí òun wà kò yàtọ̀ sí ipò tí ọ̀mọ̀wé wà níwájú àwo Phaistos, àfi pé ẹnìkan ti sọ ìdáhùn fún un.

Àwa olùyẹ̀wò sì ti dá kún un. Nínú ìdánwò tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé: “Ẹ̀fà ni, ó túmọ̀ sí pé ẹni náà ń fà mí.” Ìlànà ìmáàkì tí ó wà lọ́wọ́ wa sọ pé ìfẹ́. A fún un ní ìdajì máàkì. Ẹni tí ó jókòó tì í kọ “ìfẹ́” nìkan, ó gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a padà wo ìwé náà, a rí i pé ọmọbìnrin yẹn nìkan ni ó ka àrokò náà ní gbogbo kíláàsì. A tún máàkì rẹ̀ ṣe.

Láti ìgbà náà, a kì í to àrokò sílẹ̀ bí àtẹ ìṣirò mọ́. A ń kó ẹyọ wọ kíláàsì, a ń ní kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ dán èyí wò, a ra ẹyọ mẹ́jọ ní Ọjà'ba, a kó wọn sínú ọ̀rá, a sì gbé wọn tọ ìyá àgbàlagbà kan lọ ní Bẹyẹrùnkà, pé kí wọ́n bá wa ka iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìyá dà á sórí ẹní. Wọ́n fi ìka tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ. Wọ́n pe ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè èwo ni ó kọjú sí èwo, nítorí pé inú ọ̀rá ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú. A kò lè sọ. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ta ni ó rán yín sí mi?” A ní kò sí ẹni tí ó rán wa, ọjà ni a ti rà á. Ìyá bá kó àwọn ẹyọ náà padà sínú ọ̀rá, wọ́n nà án sí wa. Wọ́n ní owó ni èyí, kì í ṣe àrokò.